“Pánẹ́ẹ̀lì Ti Lọ”: Ìtàn Bí Orí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Wa

1/
“Pánẹ́ẹ̀lì ti lọ.”

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé, tàbí tí ẹ mọ ẹni tó ní, ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí. Ẹnjiníà á tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí i, á mi orí, á ní: “Mọ́mì, pánẹ́ẹ̀lì ti lọ o.” Tó bá wá dá iye tí tuntun ń lọ, àyà onílé á já.

2/
Gbólóhùn yẹn kúrú, àmọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti lé ní 170 ọdún. Ó kan odò àti ọṣẹ dúdú. Ó kan reluwé tó gba Ọ̀fà, ìlú mi, kọjá. Ó kan Kainji, ó kan Òṣogbo, ó sì kan òfin kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ní 2019. Ẹ wá ibi jókòó sí. 🧵

3/
Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ara, ó sì ní orí. Ara ni dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, mọ́tò, àti rọ́bà tí omi ń gbà. Orí ni ohun tó mọ ìgbà tí omi tó, ìgbà tó yẹ ká ṣan aṣọ, ìgbà tó yẹ ká fún un. Ìtàn ẹ̀rọ yìí, ìtàn ibi tí orí yẹn ń gbé ni. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e lọ.

ÌGBÀ TÍ ORÍ WÀ LỌ́WỌ́ ÌYÁ WA

4/
Kí ẹ̀rọ tó dé, etí odò ni wọ́n ti ń fọṣọ. Àwa ní odò Ọ̀yún, ìlú mìíràn ní tiwọn. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń lò: wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí ìtì ọ̀pẹ di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo títí á fi dì. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni o, ẹnì kankan ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

5/
Ọgbọ́n tó wà nínú ìfọṣọ ọwọ́ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n á ya funfun sọ́tọ̀. Wọ́n á ya àdìrẹ sọ́tọ̀ kí aró ẹ̀ má baà ran ìyókù. Wọ́n á rẹ aṣọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣan án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fún un, wọ́n á sá a.

Rẹ, fọ̀, ṣan, fún, sá. Ẹ lọ wo ojú ẹ̀rọ ìfọṣọ yín. Yàtọ̀ sí sísá, gbogbo wọn ló ti di bọ́tìnì.

6/
Àwọn kan wá fi ìmọ̀ yẹn jẹun. Ẹ tú orúkọ wọn wò: alágbàfọ̀. Ẹni tó ń gbà, tó ń fọ̀. Òun ló ń fi búlúù sí aṣọ funfun kó lè mọ́ yanranyanran, tó ń fi sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé kó lè dúró ṣánṣán. Kò sí ìwé tó ń kà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ ti mọ́. Ojú àti ọwọ́ ẹ̀ ló ń sọ fún un.

7/
Ní 1923, Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ọṣẹ ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọṣẹ dúdú du ipò. Nígbà tó yá, ọṣẹ oníyẹ̀fun dé, Omo sì lórúkọ débi pé títí di òní, ìyá wa lè ní ká lọ ra “Ómò” ká gbé orúkọ mìíràn wá, inú wọn á sì dùn. Ọṣẹ yí padà. Àmọ́ ọwọ́ ò tíì yí padà.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N FÚN ẸRÙ NÍ MỌ́TÒ

8/
Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Amẹ́ríkà díẹ̀. Ní 1851, James King gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ní dúrọ́ọ̀mù. Ní 1858, Hamilton Smith gba ti ẹ̀ lórí èyí tó ń yí bìrí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i o! Ẹni tó ń fọṣọ ò sinmi, ó kàn yọ ọwọ́ nínú omi ọṣẹ ni, ó wá lọ di ọwọ́ ẹ̀rọ mú.

9/
Ẹ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Ọ̀fà wà láàárín méjèèjì. Lọ́dún 1908 yẹn gan-an, ilé-iṣẹ́ Hurley ní Chicago ń gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ oníná jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Thor. Bí irin ṣe ń kọjá lẹ́yìn ilé àwọn bàbá ńlá wa, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná ń gba iṣẹ́ agbára lọ́wọ́ àwọn obìnrin Chicago.

10/
Àmọ́ iṣẹ́ agbára nìkan ló gbà. Mọ́tò fún ẹ̀rọ lókun, kò fún un lóye. Ènìyàn ṣì ní láti dúró tì í: kó bu omi sí i, kó wo aṣọ, kó pa á, kó da omi ìdọ̀tí nù, kó tún bu omi mìíràn. Orí ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fọṣọ.

11/
1937 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé-iṣẹ́ Bendix ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde fún ilé tó ń fa omi fúnra ẹ̀, tó ń fọ̀, tó ń ṣan, tó ń fún aṣọ, láìsí pé ẹnì kankan dúró tì í. Ó máa ń jó débi pé wọ́n ní láti fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀! Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni orí kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, tó wọ inú ẹ̀rọ.

12/
Irú orí wo ni? Táímà. Ẹ fojú inú wo aago kékeré kan. Mọ́tò tín-ín-tín ń yí àwọn pákó ike róbótó tí wọ́n gé etí wọn ní ògbun, ní òkè. Bí wọ́n ṣe ń yí, òkè á ti irin pẹlẹbẹ kan, iná á dé ibi omi. Ó tún yí, ògbun dé, omi á dá, mọ́tò á gbéra. Ètò ìfọṣọ látòkèdélẹ̀ wà ní etí ike yẹn. Ẹ lè fi ìka kàn án.

13/
Báwo wá ni táímà ṣe ń ka àkókò? Iná ilé ló fi ń kà á. Iná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́tò kékeré yẹn ń bá a rìn ní ìgbésẹ̀ ọgbọọgba. Tí iná bá lọ, táímà á dúró síbi tó dé. Tí iná bá padà, á tẹ̀síwájú níbẹ̀. Kò ní dá ẹnì kankan lẹ́bi, kò ní kọ àmì àìsàn sójú gíláàsì. 😄

14/
Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú táímà ni pé ẹni tó bá ní ojú lè lóye ẹ̀. Tí ẹnu irin bá dọ̀tí, atúnṣe á fi sáńpépà rá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Hoover gbé Keymatic jáde ní Ìlú Ọba: ike kan tí wọ́n gé etí ẹ̀ lẹ kì bọ ojú ẹ̀rọ, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ bá kì bọ̀ ọ́ ló máa sọ irú ìfọṣọ tó máa ṣe. Àní ètò gan-an, ẹ lè gbé e sọ́wọ́.

ÌGBÀ TÍ ORÍ DI BỌ́Ọ̀DÙ

15/
Nǹkan méjì ló bí pánẹ́ẹ̀lì. Àkọ́kọ́: ní 1936, Paul Eisler, ọmọ Austria tó sá wá sí London, fi bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ṣe rédíò, dípò wáyà tí wọ́n ń so lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì: Intel gbé 4004 jáde ní 1971, Texas Instruments sì gbé TMS1000 jáde ní 1974. Kọ̀ǹpútà kíkún nínú ẹyọ kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò!

16/
Díẹ̀díẹ̀, chip wọ inú kalukulétọ̀, wọ ohun ìṣeré ọmọdé, wọ máíkíróweefù, ó wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Táímà ń kógbá sílé. Ètò tó wà ní etí ike tẹ́lẹ̀ di òǹkà inú chip. Ó dára o: ẹ̀rọ ń wọn aṣọ, ó ń fi omi pamọ́, ó ń mọ̀ tí ẹrù bá fì sápá kan. Àmọ́ ojú ò rí ètò mọ́. Ìka ò kàn án mọ́.

17/
Kí ló wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn gan-an? Ẹ jẹ́ kí n pín in sí mẹ́rin:

• Ibi tí iná ti ń wọlé, tó ń sọ 230 volt di iná kékeré tí chip lè mu.
• Chip fúnra ẹ̀, ọ̀gá pátápátá.
• Ibi ìrántí, chip kékeré tí ètò irú ẹ̀rọ yẹn wà nínú ẹ̀.
• Àwọn ìránṣẹ́: relay àti triac, tó ń tan mọ́tò, pọ́ọ̀ǹpù àti ohun tó ń gbé omi kaná.

Ẹ rántí pípín yìí. A máa padà síbẹ̀.

IBI TÍ NẸ́PÀ TI WỌLÉ

18/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Iná mànàmáná dé Èkó ní 1896. Wọ́n dá ECN sílẹ̀ ní 1950. Wọ́n ṣí ìdídò Kainji ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ẹ má gbàgbé o, ìpínlẹ̀ wa ni Kainji wà nígbà yẹn! 1991 ni wọ́n yọ Borgu kúrò lára Kwara, tí wọ́n fi kún Niger. Ní 1972, NEPA dé. Ó di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún àwọn aládàáni ní 2013. Àmọ́ tí iná bá dé lálẹ́ òní, kí ni àwọn ọmọ àdúgbò máa pariwo? “Up NEPA!”

19/
Owó epo àti owó Udoji, láàárín 1974 sí 1975, ló gbé ọ̀pọ̀ ohun èlò oníná wọlé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, rédíò ńlá. Nígbà tó di 1986, SAP dé, náírà já wálẹ̀, ọjà tuntun di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ ò tó. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti rí àyè. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi ni tẹ́lẹ̀. A sọ ọ́ di orúkọ mọ́tò, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

20/
Tòkunbọ̀ ò dọ́gba o. Èyí tó bá ti Ìlú Ọba tàbí Jámánì wá ń lo irú iná tiwa, 230 volt. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 volt ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ kì í tààrà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀fà láìlo tíránsífọ́mà, bọ́ọ̀dù á kí yín pé ó dàbọ̀. Ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ló ti kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé Nàìjíríà, láìtíì fọ ìbọ̀sẹ̀ kan.

21/
Ẹ tún gbọ́: ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà ní Òṣogbo, ìlú tó múlé ti wa níbí. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé 50 yẹn ò yẹ̀. Tí iná tó ń wọlé àti èyí táwọn ènìyàn ń lò ò bá dọ́gba, òṣùwọ̀n á fì, gbogbo ẹ̀ á sì dà wó. Ní 2024, ẹ rí i bó ṣe ń wó léraléra. Ẹ jọ̀ọ́, orí iná náà ń ṣàìsàn kí orí ẹ̀rọ tiwa tó kó o.

22/
Ṣé lílọ iná ló ń pa bọ́ọ̀dù? Rárá o, bíbọ̀ ẹ̀ ni ẹ máa bẹ̀rù jù. Tí iná bá padà, gbogbo fíríìjì àti pọ́ọ̀ǹpù àdúgbò á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iná á máa ga, á máa rọlẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí neutral já lórí òpó. Ilé tó yẹ kó gba 230 lè gba iná tó ń sún mọ́ 400. Fáànù á sáré bíi ẹni tí ejò ń lé. Bọ́ọ̀dù á gbin lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

23/
Àwọn ọ̀tá mìíràn ò tilẹ̀ lo iná. Ọmọnílé máa ń wá ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sùn, á wá fi ara so ẹsẹ̀ méjì tí kò yẹ kó pàdé lórí bọ́ọ̀dù. Eku á jẹ wáyà. Èèrà á wọ inú relay. Ọ̀rinrin ilé ìwẹ̀ á jẹ bàbà. Àwọn tó yàwòrán bọ́ọ̀dù yẹn lókè òkun lè má mọ ẹni tó ń jẹ́ ọmọnílé.

24/
Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ onígbá méjì, èyí tẹ́ ẹ ń pè ní twin tub, fi ṣì ń tà lọ́jà wa. Kò ní pánẹ́ẹ̀lì. Táímà alágbára ọwọ́ ló ní: ẹ yí i, ó ń ké “tì-tì-tì”, ó dúró. Ẹ máa bu omi síbẹ̀, ẹ máa gbé aṣọ láti igbá kan sí èkejì. Àwọn kan ń fojú tálákà wò ó. Èmi ń fojú ọlọ́gbọ́n wò ó: àwọn ènìyàn wo iná ìlú wọn, wọ́n sì yan ẹ̀rọ tí orí ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

A TI ṢE ÈYÍ RÍ

25/
Kí ẹnì kankan má wá sọ pé kò sí ọgbọ́n bọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Yorùbá. Rédíò onówáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Níbi tí rédíò bá wà, atúnrédíòṣe á wà. Àwọn ló ń pààrọ̀ valve nígbà tí valve ń jó, àwọn ló kọ́ transistor nígbà tí transistor dé. Síọ́ọ̀bù kékeré, iná ìlédè, òórùn òjé tó ń yọ́, ògbólógbòó rédíò lórí ara wọn títí dé àjà.

26/
Wọn ò dá a mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, á gbálẹ̀, á di tọ́ọ̀ṣì mú, títí ọ̀gá á fi fà á lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Látọwọ́ irú àwọn wọ̀nyí ni ìmọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe lónìí. Ìlà kan náà ni.

27/
Kí ló wá dé tí ẹnjiníà fi ń sọ pé “ẹ ra odindi”? Kì í ṣe olè ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ti da ike olómi bo ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kí omi má wọ̀ ọ́, ó sì le láti hú. Kò sí àwòrán bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn. Ètò inú chip, ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Tó bá tún un ṣe tó tún bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, òun lẹ máa pè. Odindi ló dá a lójú.

28/
Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ rántí ìpín mẹ́rin yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí iná ti ń wọlé nìkan ló kú: fíúsì kan, àti varistor kan tó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì ẹ̀wù. Iṣẹ́ varistor ni láti kú kí chip má baà kú. Ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ó kú, àwa wá gbé òun àti ẹni tó gbà là jù sórí ààtàn.

TÓ BÁ WÁ DI PÉ Ẹ MÁA PÀÀRỌ̀ Ẹ̀ ŃKỌ́?

29/
Nígbà mìíràn, chip ti jóná lóòótọ́, kò sí àtúnṣe. Ẹ wá mú ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa lò:

Ẹ yọ píláàgì kúrò, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Capacitor máa ń fi iná pamọ́ sínú. Ó lè gbá yín lẹ́yìn tí Nẹ́pà ti lọ tipẹ́.

30/
Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà ti wọ bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fa ẹyọ kan yọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tó máa ń wà létí ilẹ̀kùn tàbí lẹ́yìn. Ẹ má fi ojú ra bọ́ọ̀dù. Méjì lè jọra bí ìbejì kí ètò inú wọn máa jà. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́jà, yálà Ọjà Ọ̀wọ́dé ni tàbí Alaba.

31/
Èyí ló ṣe pàtàkì jù: kí tuntun tó wọlé, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà fi mítà wo mọ́tò, pọ́ọ̀ǹpù, ohun tó ń gbé omi kaná àti títì ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló pa àkọ́kọ́, á pa èkejì náà. Ẹni tó bá sin òkú láìbéèrè ohun tó pa á, ó lè tún gbẹ́ ilẹ̀ lọ́la.

32/
Tí bọ́ọ̀dù tuntun bá tàn tí kò sì mọ irú ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ̀, ìrántí ló ṣófo. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ lè tú chip ìrántí ti àtijọ́, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Ẹ wò ó dáadáa: àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ jù nù ló ní ìrántí. Torí náà ẹ gba bọ́ọ̀dù yín padà nígbà gbogbo. Tiyín ni. Ohun tó wà lára ẹ̀ lè gba òmíràn là.

33/
Kẹ́ ẹ tó kó aṣọ sí i, ẹ fi omi lásán dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ohun tó ń gba àpọ̀jù iná mọ́ra, tàbí sítébílásà tó lè gbé ẹ̀rọ yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti fọṣọ tán, ẹ yọ píláàgì. Ká fi bọ́tìnì pa á ò tó. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó dájú jù nìyẹn.

TA LÓ NI ORÍ?

34/
Mo ṣèlérí òfin Yúróòpù. Láti oṣù kẹta 2021, òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ẹni tó bá ta ẹ̀rọ ìfọṣọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà ara ẹ̀ ní ìpamọ́ fún ọdún 10 ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀rọ yẹn wọ ọjà kẹ́yìn. Bọ́ọ̀dù wà nínú àkójọ náà fún àwọn atúnṣe. Ètò inú chip gan-an wà níbẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n ní láti fi gbé e dé.

35/
Ìwé yẹn gba pé ẹni tó ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè rí orí ẹ̀ tún ṣe. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ tí òfin yẹn ń dáàbò bò ní Jámánì, ọjọ́ tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi tó di tòkunbọ̀, òfin ò bá a wọkọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ ní Àpápá láìní àwòrán, láìní ètò, láìní ẹni tó máa dáhùn.

36/
Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ń wọlé lọ́dún. Láti 2011 la ti ní ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí pàǹtírí ohun oníná. Ó dára. Àmọ́ ìlànà pàǹtírí ń bójú tó òkú. Ta ló ń bójú tó aláìsàn? Ìlànà tó máa fi ẹ̀yà ara àti àwòrán lé atúnṣe lọ́wọ́ la ń wá.

37/
Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju aṣọ mímọ́ lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú nílé, ta ló ń padà sídìí báàfù? Ẹ mọ ìdáhùn. Ìyá ni, tàbí ọmọbìnrin ilé. Wákàtí tí ẹ̀rọ dá padà fún wọn láti kàwé, láti tajà, láti sùn, varistor tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló gbà á padà, torí pé kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí i.

38/
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ọ̀fà tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ìjàkadì ni wọ́n fi mọ̀ wá. Onìjàkadì tó mọ ohun tó ń ṣe kì í kàn rọ́ lu ènìyàn. Ó máa ń wá ibi tó ti máa dì í mú. Federal Polytechnic wà nílùú yìí láti 1992, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá atúnrédíòṣe ṣì wà láàyè. Kí ló dé táwọn méjèèjì ò jọ jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n jọ yàwòrán àwọn bọ́ọ̀dù tó ń kú jù, kí wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́?

39/
Orí ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ ìyá wa, ó wọ etí ike, ó wọ inú chip, ó di ti ilé-iṣẹ́ tó wà lókè òkun. Mi ò ní ká padà sétí odò Ọ̀yún o, ọwọ́ mi ò lè gbà á! 😂 Àmọ́ ẹni tó bá lè ṣí pánẹ́ẹ̀lì, kó sì fi ìka tọ́ka sí ohun tó kú, ti gba díẹ̀ padà.

40/
Torí náà, ìgbà mìíràn tí wọ́n bá ní “pánẹ́ẹ̀lì ti lọ”, ẹ má tíì na owó. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló lọ níbẹ̀ gan-an?” Ẹnjiníà gidi á fẹ́ràn ìbéèrè yẹn.

Ẹ pín thread yìí dé ọ̀dọ̀ mọ́mì yín àti ẹnjiníà yín. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì fún yín rí, ẹ wá sọ fún wa nísàlẹ̀ yìí: kí ni wọ́n ní ó lọ, kí ló sì padà lọ lóòótọ́?